Aago Tí Súlè Bá Tún Ṣe Kì Í Falẹ̀

Ẹ má fi ojú aṣefáàrí wo Sùlàímọ́nù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tì í dé ìdí oògùn irun. Ọmọ Ṣakí ni, aago ló ń tún ṣe ní Dùgbẹ̀, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹni tó bá ń tún aago ṣe, orí títẹ̀ba ni tirẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́: awò kékeré á há sí ojú ọ̀tún, imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, àtàrí á wá kọjú sí oníbàárà. Àtàrí Súlè sì ti pá roboto láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bó bá dé fìlà, bó bá ti tẹrí ba báyìí, fìlà á já bọ́ sáàárín àwọn irin wẹ́wẹ́, á sì tú gbogbo wọn ká.

Lọ́dún 1992, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgbọ̀wọ́ wá gba aago rẹ̀. Ó wo àtàrí náà títí, ó ní, "Ọ̀gá, aago mélòó ni tibẹ̀ yẹn wí?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Súlè náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kọ lẹ́tà sí Gbádérọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kó gba òun o.

Oògùn dé, inú ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ìgò rẹ̀ pamọ́ sí. Omi tó mọ́ gaara ni, ó ń ta sí imú bí ọtí. Ìwé tó bá a wá ní kó máa kán an sórí láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má sì dá a dúró láé, nítorí ọjọ́ tó bá dá a dúró ni irun tó hù á padà síbi tó ti wá. Súlè ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Gbádérọ̀ mà ti fẹ́ ìyàwó fún mi."

Oṣù àkọ́kọ́, díẹ̀ tó kù lórí rẹ̀ tún rẹ̀ dànù. Orí ń yún un, awọ orí ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi irin tó fi ń tú aago họ ọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, irun hù! Ó rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n irun ni. Súlè jó yí tábìlì po. Ayọ̀ yìí ló sì ṣì í lọ́nà, torí ó ní bí ìwọ̀n kan bá lè ṣe báyìí, mẹ́ta á ṣe é dáadáa. Láti ọjọ́ náà, mẹ́ta ló ń fi sí i láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, fún ọdún mẹ́ta gbáko, Gbádérọ̀ sì ń fi ìgò tuntun ránṣẹ́. Apárí tó ń fojú di abẹ tẹ́lẹ̀ wá ra ìyarun méjì.

Ọdún kẹta ni nǹkan dojú rú. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní etí rẹ̀ méjèèjì, ó dúdú, ó sì lọ́. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àárín ìgbà náà gan-an ni Bọ́láwùmí wọlé.

Nọ́ọ̀sì ni, ní ọsibítù kan ní Ring Road. Aago tí wọ́n ń fi píìnì kọ́ sí àyà ni tirẹ̀, òun ló fi ń ka bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń lù.

"Ọ̀gá aláago, ó ń falẹ̀," ló wí. "Bí mo bá fi kà á, gbogbo aláìsàn mi ló dà bí ẹni tí ajá ń lé."

Súlè tún un ṣe. Bọ́láwùmí padà wá dúpẹ́. Ó tún padà wá nítorí aago ògiri ọsibítù wọn. Nígbà tó tún padà wá, kò mú aago kankan dání. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ, ọkàn Súlè á máa lù gbì-gbì, òòyì á máa kọ́ ọ, ó ní ìfẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ọkàn náà tún ń lù bẹ́ẹ̀ nínú takisí àti nídìí ẹ̀kọ àárọ̀. Ó fi aago tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ kà á: méjìdínlọ́gọ́fà ní ìṣẹ́jú kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá alásárì níwájú ìsọ̀, Bọ́láwùmí dúró ń wò ó. Súlè fi ọwọ́ tútù pa orí, ọwọ́ kan náà ló fi pa etí nínú àti lóde. Ojú nọ́ọ̀sì kúrò lórí, ó bọ́ sí etí.

"Ọ̀gá aláago, kí lẹ ń fi sórí?"

"Omi ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ mú ọwọ́ yín wá." Ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago àyà rẹ̀. "Méjìlélọ́gọ́fà! Kí lẹ ń fi sórí?"

Ẹ̀rù ba Súlè. Bó bá jẹ́wọ́, obìnrin yìí á mọ̀ pé irun oògùn òyìnbó ni irun náà. Bó bá dá oògùn dúró, àtàrí á tún di roboto, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Síbẹ̀, ó wọlé, ó gbé ìgò jáde.

Bọ́láwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ lẹ ń fi àlùwàlá gbin irun sétí!" Ojú rẹ̀ wá le. "Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ rí dọ́kítà lọ́la. Ọkàn kì í ṣe ohun àfiṣeré."

"Irun ńkọ́?"

"Èyí tó bá oògùn wá á bá oògùn lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n rán Bọ́láwùmí lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ìlọrin fún oṣù mẹ́rin. Dọ́kítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn Súlè, oògùn àlòjù ni. Súlè da ìyókù sí gọ́tà. Irun orí lọ, ti etí náà lọ. Lóròòwúrọ̀ ló ń ka ọkàn rẹ̀: méjìléláàádọ́rin. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, àmọ́ ìbànújẹ́ ló bá a.

"Àṣé oògùn ni mo ń pè ní ìfẹ́," ló ń wí fún àwọn aago.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹrí ba sídìí iṣẹ́, ó rí bàtà funfun méjì níwájú tábìlì.

Gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì-gbì.

"Ẹ mú ọwọ́ wá," ni Bọ́láwùmí wí. Ó kà á, ó lejú. "Ọgọ́fà! Ọ̀gá, ẹ ò dá oògùn yẹn dúró!"

"Wàláì, mo dá a dúró! Ẹ wo orí mi."

Ó wò ó. Orí ń dán gbinrin.

"Òótọ́ ni. A jẹ́ pé aago mi ti tún ń falẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Kí Súlè ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi orí rẹ̀ ṣẹ̀sín, kò jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é rí. Ó yọ awò lójú, ó gbé orí sókè.

"Aago tí mo bá tún ṣe kì í falẹ̀."

Gbogbo aago ìsọ̀ ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́.

"Kí ló wá ń sáré?" ni Bọ́láwùmí bi í.

Súlè wò ó lójú. Bọ́láwùmí kò wo aago mọ́, kò sì kà mọ́, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ Súlè sílẹ̀.