Ọkọ Mi Ògúnníyì àti Mọ́tò Ọlọ́sàn Tó Ń Jò

Bí ẹ bá dé Fìdítì, ẹ ó gbọ́ pé ọkọ mi ni fítà tí ẹgbẹ́ ọlọ́sàn gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1976, lójú gbogbo èèyàn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọkọ mi ti dè mí lẹ́nu láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Babátúndé dírẹ́bà ti fẹ̀yìn tì báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tó ní, "Ìyá Àyìnkẹ́, ẹ sọ ọ́. Ó ti tó kí wọ́n gbọ́." Ọkọ mi wà ní yàrá, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnu ti ń yún mi ó pẹ́, nítorí náà ẹ jókòó dáadáa.

Ògúnníyì lorúkọ ọkọ mi. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti àdá kò tó o ṣe. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ fítà n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó sì padà wálé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti ìgbéraga tí àpótí kò lè gbà. Èmi Àṣàbí, aránṣọ ni mí. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, lábẹ́ páànù kan náà, a sì ń bára wa jà lójoojúmọ́ nítorí gírísì tó ń ta sí aṣọ àwọn oníbàárà mi.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Bó bá tú mọ́tò, orí ẹní ló ń to gbogbo ohun tó bá yọ sí, bí wọ́n ṣe ń jáde, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹní yẹn. Bó bá fẹ́ tò ó padà, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lára rẹ̀ tí mo kórìíra: kì í bi dírẹ́bà ní ohunkóhun. Bí dírẹ́bà bá fẹ́ ṣàlàyé, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Lọ jókòó. Mọ́tò ni yóò sọ fún mi." Bàbá rẹ̀ kì í bi ẹni tó gbé ọkọ́ wá pé báwo ló ṣe kán, òun náà kò ní bi ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ títí pé ọkọ́ kò ní ẹ́ńjìnnì. Ṣé ó gbọ́?

Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn olóko ọsàn ra píkọ́ọ̀pù onídísẹ́ẹ̀lì kan, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pa pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Fìdítì. Ó ń lọ sí abà, ó ń la odò kọjá, ó ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jáde sí títì. Babátúndé ni wọ́n ní kó máa wà á. Ẹ mọ irú ọkùnrin tó máa ń nu bàtà kó tó wọ ilé ara rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ó ń fọ mọ́tò náà láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni wọ́n ní kó máa gbé e wá fún àtúnṣe. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó ní kí n rán ṣòkòtò iṣẹ́ tuntun fún òun, kí n sì fi àpò mẹ́rin sí i.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ìdí táyà iwájú, lọ́wọ́ òsì. Inú àásìlì iwájú, irin ńlá tó so táyà méjèèjì pọ̀, ni ọ́ìlì yẹn ń gbé. Rọ́bà róbótó kan tí wọ́n ń pè ní ọ́ìlì síìlì ló ń dí i kó má baà jáde síbi tí bíréèkì wà. Bí ọ́ìlì bá rin bíréèkì, wàhálà dé, torí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kí mọ́tò má dúró. Ọkọ mi fi jáàkì gbé e sókè, ó tú táyà, ó tú bẹ́àrìn, ó fa irin gígùn inú rẹ̀ jáde, ó yọ rọ́bà àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ń jò. Ó ní rọ́bà yẹn ni kò dára. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ṣa òmíràn fúnra rẹ̀, ó fi pépà oníyanrìn fá ojú irin tí rọ́bà ń kàn títí ó fi ń dán, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí ni Babátúndé kó ọsàn lọ sí Ìlọrà. Bó ṣe ń wọ ìlú ló tẹ bíréèkì. Táyà kan dúró, èkejì kò dúró. Mọ́tò yà kúrò lójú títì, ó sì lọ dúró sí àárín láfún tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Kùdírátù sá sẹ́bàá ọ̀nà. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Kùdírátù kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń gun orí láfún rẹ̀. Ó bú Babátúndé, ó bú ẹgbẹ́ ọlọ́sàn, ó wá béèrè orúkọ fítà tó tún mọ́tò náà ṣe. Kí ọjọ́ yẹn tó rọ̀, orúkọ ọkọ mi ti dé Jobele, ó ti dé Àwẹ́, wọ́n ní Ògúnníyì kò mọ iṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Amos, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá bá wa. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó wà ní kíláàsì ló ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Ògúnníyì, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti tún un ṣe. Mo fún ọ di ọjọ́ Jímọ̀. Bó bá tún jò, Ìbàdàn la ó máa gbé e lọ. Dírẹ́bà náà ńkọ́, a ti kìlọ̀ fún un. Bí àṣìṣe kan bá tún ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ilé rẹ̀ ló ń lọ."

Babátúndé dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló ní, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkọ mi tẹ́ ẹní, ó tún tú u. Ó yọ rọ́bà náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Kò ya. Ó fi èékánná tọ ojú irin náà lọ. Kò há. Ó wo ti ọwọ́ ọ̀tún, ọ́ìlì ti ń yọ lára òun náà bí òógùn. Ló bá jókòó sílẹ̀. N kò rí i kó jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí.

"Àṣàbí," ó ní, "rọ́bà yìí kò ṣe nǹkan kan. Kí ló ń ti ọ́ìlì yìí jáde?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Inú tó bí mi ló kọ́kọ́ jáde. "Baba Àyìnkẹ́, mọ́tò tí ẹ ní yóò sọ fún yín ti yadi. Dírẹ́bà rẹ̀ kò yadi. Ẹ bi í!"

Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ó kàn mú ègé aṣọ kan lára tèmi, ó fi nu ọwọ́, ó wá pe Babátúndé. "Wá jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mọ́tò yìí fún ọ, kí lo ti ṣe sí i? Má fi ọ̀kankan pamọ́."

"Mo ń fọ̀ ọ́, ọ̀gá. Mo ń fa gírísì sí i. Mo ń wo omi àti ọ́ìlì láràárọ̀. Mo dí ihò yẹn—"

"Ihò wo?"

"Ihò kékeré tó wà lórí àásìlì, ọ̀gá. Wọ́n gbàgbé láti dí i níbi tí wọ́n ti ṣe é. A máa ń la odò kọjá, mo ní kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ìda oyin ni mo fi dí i. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò lè bọ́."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́. Ó rò pé a máa kí òun kú iṣẹ́ ni.

Ọkọ mi wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹrẹ̀ ti bo ìda náà, àwọ̀ irin ẹlẹ́rẹ̀ ló ní. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lojú rẹ̀ ti kọjá níbẹ̀. Ó ní kí n mú abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àpò wá, ó fi wà á jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jáde, jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. "Imú àásìlì nìyí, Babátúndé. Bí mọ́tò bá ti rìn, inú rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ á wú níbẹ̀. Ibí yìí ló yẹ kó gbà jáde. Ìgbà tó ò jẹ́ kó mí, ó wá ń ti ọ́ìlì gba ara rọ́bà."

Babátúndé dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ elépo. "Ọ̀gá, wọ́n á lé mi. Ẹ gbà mí."

"Dìde. Ìbẹ̀rù tó o bẹ̀rù omi kò burú. Ibi tó o gbé e gbà ni kò dára. Fún mi ní kẹrosíìnì yẹn."

Ó fọ bíréèkì títí epo fi tán lára rẹ̀. Ó fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun méjì lẹ́nu, ti òsì àti ti ọ̀tún, ó fi igi pẹlẹbẹ gbá wọn wọlé, yíká yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń lu ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti gírísì sínú bẹ́àrìn. Lẹ́yìn náà ló so páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ihò náà, ó gbé ẹnu rẹ̀ lọ sókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi odò kankan kò lè dé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Mo fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Amos fúnra rẹ̀ jókòó síwájú. Mo ti so aṣọ funfun mọ́ ẹ̀yìn táyà iwájú méjèèjì. Wọ́n lọ sí Ìlọrà, wọ́n bọ̀, wọ́n gba ọ̀nà abà, wọ́n la odò kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n dé, ìdajì àwọn ọlọ́sàn ti pé sí ṣọ́ọ̀bù wa. Mo tú aṣọ náà, mo nà á sókè. Omi àti ẹrẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan. Wọ́n pariwo yèè. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó.

"Ó dára," Ọ̀gbẹ́ni Amos ní. "Kí ló ń ṣe é láti ọjọ́ yìí? Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ta ló ṣe àṣìṣe?"

Babátúndé di ẹ̀yìn mọ́tò mú. Mo wo ọkọ mi, mo ń retí rẹ̀. Mo ní lónìí ni Kùdírátù máa gbọ́, lónìí ni Àwẹ́ àti Jobele máa gbọ́.

"Èmi ni," ọkọ mi ní. "Ibì kan wà tó yẹ kí n yẹ̀ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. N kò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀gbẹ́ni Amos dá a lóhùn pé, "O ṣeun tó o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò lè máa fi ẹ̀mí èèyàn dán an wò. Ìbàdàn la ó máa gbé e lọ."

Mo la ẹnu. "Àṣàbí," ni ohun tí ọkọ mi sọ. Mo pa á dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo bi í pé irú irọ́ wo ló pa yẹn. Ó ní, "Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Bí mo bá ti bi í léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé yóò dé inú láfún ẹnikẹ́ni?" Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nílé rẹ̀ nígbà yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ẹni tí mo fẹ́. Orí mi wú. Ó ṣì ń wú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Láti ìgbà náà, bí dírẹ́bà bá gbé mọ́tò wá, á fún un ní àga, á ní kó máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà á sọ títí tí etí mi á fi dí.

Mọ́tò ọlọ́sàn ń lọ sí Ìbàdàn fún àtúnṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan rọ́bà iwájú yẹn mọ́, torí kò jò mọ́. Bó bá sì ti ń bọ̀ láti abà ní Ọjọ́rú, Babátúndé á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, á bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á dùbúlẹ̀, á na ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà, á yọ ìka rẹ̀ jáde, á wò ó. "Ó gbẹ." Babátúndé á ní, "Ó gbẹ, ọ̀gá," á sì máa lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, títí tí ẹgbẹ́ fi ta mọ́tò náà. Ọjọ́rú kan ṣoṣo ni ọkọ mi kò sí nílé. Babátúndé dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Mo ká ìró mi sókè, mo wọ abẹ́ mọ́tò níṣojú gbogbo èèyàn títì Fìdítì, mo fi ìka kan ibẹ̀. Ó gbẹ.