Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Gbèsè Ilé Wa

Òórùn gọ́ọ̀mù tútù ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lẹ́yìn ọgbà Fájuyì. Káńsù ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: ilé yìí jẹ owó-orí ilé, bí a kò bá san án láàárín ọjọ́ méje, wọn yóò tì í pa. Bàbá mi ti kú, ìyá mi kò sì ní ibòmíràn tí wọn yóò forí lé. Èmi ni àkọ́bí, mo sì máa ń fi í yangàn. Mo wọ bàtà mi tó ń dán, mo gba káńsù lọ láti béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè náà.

Obìnrin akọ̀wé tú ìwé àwọn onígbèsè láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ bàbá yín ò sí níbí. Ẹ ò jẹ wá ní kọ́bọ̀.” Inú mi dùn, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun ò lè kọ̀wé lórí ilé tí kò sí nínú ìwé. Mo ní ta ló wá lẹ ìwé mọ́ ilé tí kò sí nínú ìwé? Ó pa ìwé náà dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ mú ìwé ilẹ̀ wá. Mo mú un wá, kò yanjú nǹkan kan. Orí mi dàrú pátápátá. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ èmi béèrè títí, ṣe ni mo ń ṣìnà ṣáá.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bẹ bàbá arúgbó tó ni ilé kejì sí tiwa pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Akọ̀wé bi wọ́n pé ilé ta ni.

“Ulé Bàbá Àdùkẹ́ la í pè é,” ni bàbá náà dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún àwọn ará káńsù tó wá ka ulé.”

Inú bí mi. Orúkọ àkọ́bí la fi ń pe òbí, kò sì sí Àdùkẹ́ kankan nílé wa. Àmọ́ akọ̀wé ti fi ìka kàn án nínú ìwé: Bàbá Àdùkẹ́, ẹ̀yìn Fájuyì, gbèsè ọdún mẹ́ta.

Mo san án, mo mú rìsíìtì délé, mo ka orúkọ náà sétí ìyá mi. Wọ́n wá ibi jókòó. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó ti kú lọ́mọdé kí n tó lóyún rẹ. A ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́, ẹ̀yìn wa ni àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ ti ń fi orúkọ náà pè é.” Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ipò àkọ́bí mi, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Títí dòní, èmi ni mo ń lọ san owó náà lọ́dọọdún. Akọ̀wé ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun fi orúkọ bàbá mi gan-an rọ́pò rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ibòmíràn tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí.