Káfíńtà Tó Yọ Eyín Mi

Káfíńtà tá a jọ ń gbélé n'Ìkòtún, ní ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ló yọ eyín iwájú mi kan. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Sọ bí ilẹ̀kùn rẹ ṣe fẹ̀ tó fún un, á fa téèpù yọ lápò: "Ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n wò ná." Nígbà tí ẹnìkan ta pákó tí ò pé gígùn fún un, ó ṣẹ́ pákó ọ̀hún mọ́ ọn lẹ́yìn.

Èmi ni tíṣà ọmọbìnrin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo mú ọmọ náà àti ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ò tíì lè kàwé o."

"Irọ́ lò ń pa! Ìdánwò yín ni ò dáa! Ọmọ mi mọ̀wé!"

Mo mú ìwé ìròyìn kan lórí tábìlì rẹ̀. "Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ ṣáà ní kó ka ìlà kan létí yín."

Igi hámà ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ bo àyà mi.

"Ẹ wọ̀n ọ́n wò," mo ní.

Ọmọ náà na ọwọ́ láti gba ìwé ìròyìn náà. Bàbá rẹ̀ já a gbà, ó sì fà á ya.