Omi Ẹ̀gẹ́ Lórí Irin Afárá

Afárá onírin tó wà lójú ọ̀nà oko wa, lápá Ìtapàjí, ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Irin gígùn ni wọ́n tò ní igun mẹ́ta mẹ́ta lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n wá fi pákó tẹ́ àárín rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe afárá kọnkéré sí títì ńlá, wọ́n ní àwọn máa wó ti àtijọ́ yìí nítorí pé ó ti ń jẹrà. Bí wọ́n bá wó o, ẹni tó bá lóko ní òdìkejì odò yóò máa gba títì yí ká. Ìyá mi wà lára wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gba ìyíká mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni ìlú ní kí n bá ẹnjiníà tí wọ́n rán wá yẹ̀ ẹ́ wò. A gun òkè rẹ̀, a wọ abẹ́ rẹ̀. Irin òkè le koko. Apá òsì nísàlẹ̀ nìkan, níbi tó sún mọ́ ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ni irin ti ń rún bí èèpo ẹ̀pà.

A kò wá ohun tó fà á jìnnà. Bí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, orí irin yẹn ni wọ́n ń to àpò rẹ̀ sí, wọ́n á gbé òkúta lé e, kí omi rẹ̀ máa ro sínú odò, kí ilé wọn má baà rùn. Omi kíkan ni. Kò sí irin tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń ro lé lórí láti ọdún dé ọdún tí kò ní jẹrà. Ẹnjiníà ní àwọn lè pààrọ̀ ibi tó ti jẹrà, kí afárá sì dúró, àmọ́ bí òun bá tún bá àpò kan ṣoṣo lórí rẹ̀, kí a gbàgbé rẹ̀.

Ta ló máa sọ fún àwọn obìnrin? Èmi náà ni. Àpò ta ló sì wà níwájú? Ti ìyá mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò yín kúrò. Omi rẹ̀ ló ń jẹ irin yìí."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀gẹ́ yìí ni mo fi rán ọ nulé ùwé. Ugbà náà, kò jẹ urin?"

Mo ní ó ń jẹ ẹ́ nígbà náà, a ò mọ̀ ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ lọ, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá afárá." Ìyá tó bí mi! Ó dùn mí gan-an, mo sì tún bínú. Torí ẹsẹ̀ ta ni mo ṣe ń gun irin kiri pẹ̀lú ọjọ́ orí mi?

Inú iṣẹ́ ni mo da ìbínú náà sí. Àwọn wẹ́dà fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, mo ní kí wọ́n tún un ha. Wọ́n gé ibi tó ti jẹrà, wọ́n fi irin tuntun dí i, wọ́n kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà. Ẹnjiníà padà wá, kò bá àpò kankan níbẹ̀. Ó ní afárá dúró. Ìyá mi gbà á kọjá lọ sóko, kò tilẹ̀ wo ọ̀dà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ìlú Ìrè dé lórí ọ̀kadà, mo rí omi funfun tó ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ìyá mi ti fi okùn so àpò ẹ̀gẹ́ mọ́ irin géètì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó ń fa okùn náà kí ó lè fún omi rẹ̀ jáde.

"Màmá, géètì mi á dípẹtà."

"Mo mọ̀," ó ní, kò wò mí. "Afárá, ti ulú nìyẹn. Èyí, ti ọmọ mi ni."

Mo bọ́ bàtà mi, mo di okùn mú lápá kejì, a jọ ń fà á.