Èémí Sàfú àti Tùràrí Yáày Kúmba

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tọ́rọ́ péré ni a fi ń ra búrẹ́dì gígùn tí ó ń yó ọmọ méjì ní Bánjúlù, ìlú tí a ṣì ń pè ní Bátọ́ọ̀sì nígbà náà. Bí a bá fi kọ́bọ̀ kan lé e, oníṣọ́ọ̀bù yóò fi bọ́tà pa á nínú. Lónìí, owó tí mo fi ra oògùn ásímà kan ṣoṣo fún àbúrò mi, èyí tí a ń fà sẹ́nu, bí mo bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ǹ bá fi ra ìsọ̀ bàbá mi tọjàtọjà. Ṣùgbọ́n n kò ráhùn. Nígbà tí búrẹ́dì wà ní tọ́rọ́, oògùn yẹn kò sí nílé wa. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ àìsàn tí à bá fi béèrè rẹ̀.

Kámpámà, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ni à ń gbé. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, aṣọ àti wóróbo ni ó ń tà lọ́jà. Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n pọn omi nídìí ẹ̀rọ, kí n ṣa òkúta inú ìrẹsì, kí n sì gbá iyanrìn àgbàlá títí yóò fi ní ilà bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kí ìyá mi tó rí i ni yóò tún un gbá. Lọ́sàn-án, òórùn benasíìn, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja àti ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò kan, ni yóò lé wa kúrò nídìí eré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà nílẹ̀ àjò, ẹ ó rántí bí ọmọ ṣe máa ń jẹ oúnjẹ ìlú náà níta, tí yóò tún wọlé wá jẹ tìyá rẹ̀, kí wọ́n má baà ní ó ti gbàgbé ilé.

Sàfúrátù, àbúrò mi, tí gbogbo wa ń pè ní Sàfú, ní ásímà, ikọ́ sémìísémìí tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá dé sí i, àyà rẹ̀ yóò máa fọn fèrè, egungun ìhà rẹ̀ yóò máa yọ síta, yóò sì gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹyẹ tí òjò pa. Àwọn ọmọ agboolé a máa kọrin pé, "Sàfú onífèrè, fọn ún ká jó!" Mo na ẹni tí mo lè nà nínú wọn, àwọn tí n kò lè nà nà mí. Nílé kéú, bí ó bá ka Kùránì dé àárín ẹsẹ tí èémí rẹ̀ sì gé, ààfáà kì í nà án. Yóò ní kó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn wà. Àwa tí à ń jẹ ẹgba nínú ilé a sì máa jowú rẹ̀.

Eré kan wà tí a fẹ́ràn, ti ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. A ó gé e, a ó ki í bọ omi ọṣẹ, a ó máa fẹ́ ìfófó. Sàfú a fa èémí sínú dáadáa, ṣùgbọ́n àtifẹ́ ẹ síta ni yóò di ìjà. Nígbà tí mo dé yunifásítì nílé, ní Nàìjíríà, láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa ya ẹ̀dọ̀fóró sójú pátákó, ó dà bí ẹni pé mo ti rí i rí. Nísàlẹ̀ Denton Bridge, afárá tó so erékùṣù wa mọ́ ilẹ̀, àwọn igi kan wà létí omi tí gbòǹgbò wọn ń pín sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń pín, tí ìkarahun yóhòs, ẹran omi tí àwọn obìnrin ń kó tà, sì lẹ̀ mọ́ wọn ṣìkìtì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà èémí ṣe ń pín nínú àyà, títí yóò fi dé àwọn àpò wínníwínní tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́, tí ó sì ń dá èyí tí ara ti lò padà. Nínú ásímà, iṣan tó yí ọ̀nà wọ̀nyí ká a fún mọ́ra, ara inú wọn a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Bí ènìyàn bá mí sínú, àyà a fẹ̀, ọ̀nà a sì là díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mí síta, ọ̀nà a tún pa dé. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a fi ọwọ́ fún ló kún àyà Sàfú.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìyẹn ní Kámpámà? Òtútù àyà ni bàbá mi pè é. Ó ní afẹ́fẹ́ òkun ló ń wọ ọmọ náà lára. Ó fi ìṣó kan fèrèsé yàrá tí Sàfú ń sùn pa, ó sì fi òfin de etí òkun. Ìgbà tí wọ́n rí iyanrìn òkun létí ṣòkòtò mi, ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ sókè, títí oúnjẹ fi tutù.

Ìyá mi ní tirẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé Yáày Kúmba, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ògiri wa jọ kan ara wọn. Ọmọ ẹ̀yà Wólófù ni, Yáày sì ni ìyá lédè wọn; tùràrí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ṣúráì ni ó ń pò tà: èèpo igi olóòórùn, oje igi àti lọ́fínńdà, tí a ń wọ́n sórí ẹyin iná nínú ìkòkò amọ̀ kékeré. Kò sí obìnrin gidi ní Bánjúlù tí yàrá rẹ̀ kì í rùn ṣúráì. Òun ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun ni wọ́n fi ń lé ibi. Bí fèrè Sàfú bá ti bẹ̀rẹ̀, Yáày Kúmba yóò gbé ìkòkò rẹ̀ dé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò máa ní, "Mí i sínú, ọmọ mi, mí i sínú." Bí ó bá ti ń le sí i ni wọ́n ń fi kún un. Ọ̀fẹ́ ló fi ń ṣe é, èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ ni ó sì ń jó.

Nígbà tó yá, bàbá mi ní ó tó. Ọmọ ìlú wa kan ń padà sílé. Òun ni yóò mú Sàfú lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá wa ní Ìlọrin, níbi tí òkun kò sí. Ìyá mi mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó ń ran aṣọ fún un, ó ń fi etí aṣọ náà nu ojú. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ tí ó bá lọ sílé báyẹn, ó lè di ọ̀dọ́bìnrin kí a tó tún fojú kàn án.

Òjò ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. Kámpámà kún bó ti máa ń kún, omi wọlé dé orókùn, ó gbé bàtà, ó gbé èédú, ó sì ba gbogbo ṣúráì Yáày Kúmba jẹ́. A kó lọ sílé ọ̀rẹ́ bàbá mi ní àdúgbò Jollof Town, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí atẹ́gùn òkun. Bàbá mi fi aṣọ òtútù di Sàfú bí ẹrù. Mo jókòó tì í, mo ń retí fèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sùn. Ó jí, ó jẹun, ó ń lé mi káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Títí omi fi fà, fèrè kò dún. Ìyá mi kàn ń wò ó ni.

Lọ́jọ́ tí a padà sílé, Yáày Kúmba ti po ṣúráì tuntun dè wá. Ó ní ilé tí omi wọ̀, tùràrí nìkan ló ń lé òórùn rẹ̀, ó sì yẹ kí èrò ọ̀nà Ìlọrin gbóòórùn rere lọ. Kò pẹ́ tí èéfín gba yàrá, a gbọ́ ọ: fíì, fíì. Ìyá mi wo ọmọ, ó wo ìkòkò. Ó sáré gbé bútà àlùwàlá, ó sì da omi inú rẹ̀ sórí iná náà ṣàà.

Yáày Kúmba dìde, ó fi orúkọ mi pe ìyá mi. "Ìyá Jíbírílù, ṣé èmi lo da omi lé lórí?"

"Kì í ṣe ìwọ, ọ̀rẹ́ mi. Èéfín ni."

"Èéfín mi kọ́ lo fi ń gbàlejò látọjọ́ yìí?" Ó gbé ìkòkò tútù rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá mi fi ọmọrí odó ṣí fèrèsé tí wọ́n kàn pa. Ariwo yẹn ni bàbá mi bá wọlé. "Ta ló ṣí i? Ẹ fẹ́ pa ọmọ náà ni?"

"Bàbá Jíbírílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ àyà rẹ̀."

Bàbá mi jókòó, ó fi etí lé ẹ̀yìn Sàfú. Atẹ́gùn òkun ń wọlé, bàbá mi kò sì kúrò níbẹ̀. Títí di òní, n kò tíì rí oníṣègùn tó fara balẹ̀ gbọ́ àyà ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fèrè náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó sunkún tán, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ tú ẹrù rẹ̀." Ikọ́ náà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó dárúkọ Ìlọrin mọ́.

Yáày Kúmba kò kí wa fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá mi ju bó ti sọ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni a rí Yáày Kúmba lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo benasíìn, kò kọjá ìloro. Ó nawọ́ sí ìyá mi, ó ní, "Gbọ́ òórùn mi. Mo fi ọṣẹ lásán wẹ̀. Bí ọkọ mi bá kọ̀ mí nítorí èyí, ilé yín ni mo ń bọ̀ o!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sunkún. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà wa ló ń jókòó sí, ní ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ.

Nígbà tí mo dé fún ìsinmi láti yunifásítì, Yáày Kúmba náà ti ń wúkọ́, bí ó bá rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, yóò dúró mí. Mo fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lé e láyà. Èémí rẹ̀ jìnnà réré, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Àwọn àpò wínníwínní yẹn ti gbó bíi rọ́bà tó ti fà jù, èéfín tó fi ń dán ọjà rẹ̀ wò lójoojúmọ́ ló bà wọ́n jẹ́.

"Dókítà mi, kí ni àyà mi wí?"

"Ó ní kí ẹ máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Yáày, kí ẹ sì fi ìkòkò náà sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó ní, "Àṣé ó kàn mí."

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ní oògùn tí ń ṣí ọ̀nà èémí kíákíá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, èéfín ọkọ̀ sì ti gba orí Denton Bridge, níbi tí a ti ń gba atẹ́gùn. Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ. Yáày Kúmba ti ṣíwájú wọn. Nínú àwọn tó kọrin Sàfú onífèrè, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣì ń gbúròó rẹ̀, kò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ààfáà wa ti dẹni ilẹ̀. Èmi wà. Sàfú wà, ó ti di ìyá àgbà. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, n kì í tètè dáhùn. Mo máa ń tẹ́tí ná, kí n gbọ́ bó ṣe ń mí.