Irin tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi wa

Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa ń pọn omi ní ẹ̀rọ inú ọgbà wa ní Festac. Màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé irin gígùn kan tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má baà kó ẹrẹ̀. Màá rọra ṣí omi, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú wa ni, mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí.

Lónìí, mo nu ẹrẹ̀ bàtà mi sára irin náà. Màmá onílé yọjú lójú fèrèsé.

"Ìwọ ọmọ yìí, irin ọkọ mi lò ń fi nu bàtà yẹn."

"Ẹ má bínú, Mà. Irin rélùwéè ni, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Irú ẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé wa nílùú wa kọjá, Mà. Orí ẹ̀ la máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí."

Ẹ̀rín ni wọ́n rín jáde wá bá mi. "Ẹ̀yin náà nìyẹn. Iṣẹ́ rélùwéè ni olóògbé ọkọ mi ṣe, ojoojúmọ́ ló ń lé ẹ̀yin tó ń sá ẹ̀gẹ́ kúrò lórí irin. Ṣé ẹ ṣì ń sá a síbẹ̀?"

Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, Mà. Wọ́n ti hú irin náà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kù nínú koríko."

Màmá fi etí ìró wọn nu ẹrẹ̀ mi kúrò lára irin náà.

"Kí lorúkọ ẹ?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé.

Ẹ̀yin tí rélùwéè gba ìlú yín kọjá rí, kí ló kù níbẹ̀? Mo fẹ́ rí nǹkan sọ fún Màmá.

Lọ́la, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi sí, kó kó ẹrẹ̀ bó bá fẹ́.