Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Inú Kọ̀ǹpútà ní Lọ́kọ́jà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo wọkọ̀ ní Kábbà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa ní bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni àwọn tí mo ń lọ kọ́ lọ́jọ́ náà wà. Nígbà tí dírẹ́bà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Màmá, ṣé wọ́n máa ń làágùn?"

Tírélà kún ọ̀nà Ọbájánà, eruku sì bo gbogbo ewé. Ní Old Market ní Lọ́kọ́jà, oníkẹ̀kẹ́ kan kí mi pé, "Sannu da zuwa," ìyẹn ẹ káàbọ̀ lédè Haúsá. Nílé wa, "òkun" kan, ìkíni tiwa, ti tó. Níbí, èèyàn á kọ́kọ́ wojú ẹni kó tó mọ èdè tí yóò fi kí i.

Ràsídá, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́jà, gbà mí lálejò lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó gbé túwó àti ẹja odò Ọya fún mi. Iṣẹ́ ìjọba ló fi sílẹ̀ nítorí eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe yìí. Á fi ọ̀nà méjì tí wọ́n gbà gbá bọ́ọ̀lù hàn mí, èmi á tẹ èyí tó dára jù lójú mi, ibẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ márùn-ún á ti kọ́gbọ́n. Ní aago mẹ́rin, wọn yóò bá ikọ̀ rẹ̀ àtijọ́, tí èèyàn kankan kò tọ́ sọ́nà, díje níwájú àwọn tó fẹ́ ra eré náà.

Mo fẹ́ràn ọmọ tó ń fún ẹnìkejì ní bọ́ọ̀lù, nítorí náà páàsì ni mo ń yàn ṣáá. Lọ́sàn-án, a dán wọn wò. Wọ́n dé ẹnu ilé góòlù, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Wọ́n tún dá a padà sẹ́yìn!

Ràsídá di orí mú. "Àǹtí, kí ló ṣe wọ́n?"

Ojú tì mí. "Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ohun tí mo yìn ni wọ́n ń ṣe. Jẹ́ ká tún un ṣe."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó bá gbìyànjú láti gbá bọ́ọ̀lù sílé góòlù ni mo yàn, kódà bí kò wọlé. Ní aago mẹ́rin, wọ́n gbá góòlù méjì wọlé, ikọ̀ àtijọ́ gbá ọ̀kan. Bàbá Ràsídá fò sókè, fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní àwọn yóò rà á.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, Bọ́sẹ̀, balógun ikọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa, ti ń dúró dè mí.

"Mà, ṣé wọ́n gbọ́n jù wá lọ ni?"

"Rárá. Àṣìṣe tí mo ṣe fún yín ni mo kọ́kọ́ ṣe fún wọn: páàsì nìkan ni mo ń yìn. Bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù sílé góòlù. Bó bá fò kọjá, màá pàtẹ́wọ́."